Obìnrin Kejìdínlógójì

Nígbà tí Ìyá Ẹ̀rí dé ọgbà ilé ìwòsàn náà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó dá ọ̀ràn kò tíì sá. Ó jókòó sórí kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tó fọ́, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, sípánà irin tí wọ́n fi ń ṣí àgbá ọ́síjìn wà lórí itan rẹ̀. Gíláàsì iwájú mọ́tò náà ti rún wómúwómú. Ti ẹ̀yìn kò yè. Iná iwájú méjèèjì ti yọ síta bí ojú ẹja tó jóná.

"Ta ló ṣe èyí?" Sájẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé e wá béèrè.

"Èmi ni," ni obìnrin náà wí. "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Àwọn ilẹ̀kùn ló kù, apá ló ń dùn mí."

Nọ́ọ̀sì ni. Òun ló ń fún àwọn tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lóògùn oorun nínú tíátà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé ìwòsàn fi ń pè é ní Sísítà Sùnre. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ kí ohùn rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà rí. Mọ́tò tó fọ́ jẹ́ ti dókítà àgbà, ọ̀gá gbogbo àwọn oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀.

Ìyá Ẹ̀rí dúró, ó ń wò ó. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Ìyá Ẹ̀rí, ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ fún un tí kò ní béèrè pé, "Ẹ̀rí ẹ̀ dà?" Wọ́n ní nígbà tí ọkọ rẹ̀ pàápàá kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló gbà.

Sájẹ́ǹtì fẹnu sí i létí. "Ọ̀gá, ẹjọ́ yìí ti parí. Ó ti jẹ́wọ́. Ká kọ ọ́ sílẹ̀ ká lọ wá nǹkan fi panu."

"Ẹni tó fọ́ gíláàsì la rí," ni Ìyá Ẹ̀rí dáhùn. "A ò tíì rí ohun tó fọ́ òun náà."

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sísítà Sùnre kò sunkún. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ dà bí ẹni tó ń ka ìwọ̀n oògùn, kò fi ọ̀kan pe méjì.

"Ọdún méjì ni mo fi kàwé lórí fóònù, mà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ni, orí ayélujára ló wà. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́, bí iṣẹ́ abẹ ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní i nítòsí, níbikíbi tí ì báà wà láyé. Orílẹ̀-èdè mọ́kàndínlógún ni àwa tí a jọ wà ní kíláàsì ti wá. Inú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ní tíátà ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tèmi, láàárín iṣẹ́ abẹ kan sí èkejì. Orí àpótí bàtà àwọn dókítà ni mo máa ń jókòó sí."

"Dókítà àgbà ńkọ́?"

"Kíláàsì kan náà ni wá. Ẹ̀yìn tèmi ló forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó máa yan olùdarí ilé ìwòsàn ń wá ẹni tó ní oyè náà, ó sì fẹ́ ipò yẹn bí ẹni ń fẹ́ ìyàwó."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Mo wá gbogbo aláboyún tí wọ́n gbé wá fún iṣẹ́ abẹ láàárín ọdún mẹ́ta, tí wọ́n kú kí abẹ tó kàn wọ́n. Mo kọ ọjọ́ tí kálukú dé, aago tó dé, ọjọ́ orí rẹ̀, àti ohun tó dá a dúró. N ò kọ orúkọ, ilé ẹ̀kọ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni kálukú ń jẹ́. Àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹta, wọ́n kọ̀wé sí mi pé ẹ̀rọ àwọn rí iṣẹ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi mu láti òkè délẹ̀, ó sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú tèmi dé. Ti dókítà àgbà ni. Wọ́n ní mo jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Wọ́n lé mi."

"O ò rí wọn ṣàlàyé fún?"

"Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé lọ́la, aago méjì ọ̀sán, lórí fídíò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán." Ó yí ojú sí fèrèsé. "Láàárọ̀ yìí, ní ìpàdé òwúrọ̀, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dìde, ó dúpẹ́. Ó wá wò mí lójú, ó ní kí àwa tó kù kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara wa ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, mà. Ẹ lọ wo mọ́tò ẹ̀."

Sájẹ́ǹtì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó gbé e mì.

*

Dókítà àgbà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù bí ibi tí wọ́n ń gbé òkú sí, ìwé ẹ̀rí sì kún ara ògiri débi pé aago kò rí àyè, ilẹ̀ ni wọ́n gbé e sí.

"Mo ti dárí jì í," ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè nǹkan. "Kó kàn kọ lẹ́tà, kó gbà pé òun jí iṣẹ́ mi. N ò fẹ́ kí wọ́n ti nọ́ọ̀sì mi mọ́lé nítorí gíláàsì."

"Ẹ ṣeun, sà. Àwọn obìnrin mọ́kànlélọ́gọ́ta yìí, níbo lẹ ti rí wọn?"

"Nínú rẹ́jísítà ìgbàwọlé. Ẹni tí wọ́n bá gbé wọ ilé ìwòsàn yìí, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kà á, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Sátidé méje gbáko ni mo fi ṣe é."

"Ẹ ò rán ẹnikẹ́ni?"

"N ò rán ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò sì mú nǹkan kan láti ibòmíràn?"

"Rẹ́jísítà yẹn nìkan." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ fẹ́ràn ìbéèrè."

"Ìdáhùn la fẹ́ràn, sà. Ìbéèrè kàn ni mọ́tò tó ń gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí ohun tẹ́ ẹ sọ yìí."

Ó fọwọ́ sí i, ó tún fa ìlà gígùn kan sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀. "Ó dárí jì í o, ọ̀gá. Èèyàn dáadáa ni."

"Ẹni tó ti ń dárí jini kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́," ni Ìyá Ẹ̀rí wí, "ẹjọ́ kan ń bẹ tí kò fẹ́ kó dé iwájú ẹnikẹ́ni."

*

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ yà sí ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Sísítà Sùnre ti sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà òun wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Sájẹ́ǹtì ti dá ẹjọ́ náà lójú ọ̀nà: ọkùnrin yìí ló tú kọ̀ǹpútà wò, òun ló kó iṣẹ́ náà fún dókítà.

Ọkùnrin náà gbọ́ ẹ̀sùn, ojú rẹ̀ le koko. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá, bí ewúrẹ́ bá sọnù ládùúgbò yìí, ilé mi lẹ máa kọ́kọ́ yọjú sí." Ó fa kọ̀ǹpútà kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìpáàrà funfun ti bo àwọn irin inú rẹ̀. "Omi dà sí i. Ọjọ́ tó gbé e wá ló ti kú, n ò sì tíì rí i jí. Kò sẹ́ni tó lè jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu òkú."

Ìyá Ẹ̀rí tẹ ìpáàrà náà, ó gbóòórùn ìka rẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó wá pe àgọ́ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n fún nọ́ọ̀sì. "Bí kọ̀ǹpútà bá ti kú, inú kí lo kọ iṣẹ́ náà sí?"

"Inú fóònù mi, mà. Fóònù náà kì í kúrò lára mi."

"O ò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo gbé e fún Bàbá Fáìlì níbi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn aláìsàn sí, kí wọ́n bá mi yẹ àwọn ọjọ́ inú ẹ̀ wò."

*

Ogójì ọdún ni Bàbá Fáìlì ti ń kó ìwé jọ nínú yàrá náà. Pẹpẹ kún títí dé àjà, fáànù kan ń ráhùn lókè láìmú afẹ́fẹ́ wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn bàtà.

"Bàbá, ìwé kan wà tí Sísítà Sùnre fún yín."

"Ìwé tí wọ́n fi ike àwọ̀ ewé dì yẹn? Rárá o, n ò rí i."

Ìyá Ẹ̀rí fa àga, ó jókòó. "Mo ní ìwé, Bàbá. N ò sọ ike. N ò sọ àwọ̀ ewé."

Bàbá náà bọ́ gíláàsì ojú, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń nù ún ṣáá. "Oṣù mẹ́rin ló kù kí n fẹ̀yìn tì," ló wí níkẹyìn. "Dókítà àgbà bá a lórí tábìlì mi. Ó ní òun fẹ́ kà á, kóun lè ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ọjọ́ kejì ló dá a padà."

"Ẹ sì gbọ́ pé wọ́n lé e gẹ́gẹ́ bí olè."

"Mo gbọ́."

"Ẹ jókòó síbí, ẹ ń to fáìlì." Ìyá Ẹ̀rí kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Ọmọ tó ń kí yín lárààárọ̀."

"Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lórí ti dókítà?" Omi ti dé ojú Bàbá náà. "Ó máa ní mo purọ́. Ẹ̀rí mi dà?"

Inú túbọ̀ bí Ìyá Ẹ̀rí nítorí pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà kan lásán kò ní mi irun orí dókítà. Ó ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà ọdún mẹ́ta wá.

Ó ka àwọn obìnrin tó kú kí abẹ tó kàn wọ́n. Ọgọ́ta ni. Sájẹ́ǹtì kà á. Ọgọ́ta. Bàbá Fáìlì wọ gíláàsì, ó fi ìka tọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta.

"Ti dókítà ní mọ́kànlélọ́gọ́ta," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ti nọ́ọ̀sì náà ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹni tó jí i ti jí àṣìṣe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n, ọ̀gá, ta ló kọ́kọ́ ṣìṣe?"

Ìbéèrè náà kò dùn mọ́ Ìyá Ẹ̀rí nínú. Bí nọ́ọ̀sì náà bá jẹ́ òpùrọ́ ńkọ́? Ìbínú lè jẹ́ tòótọ́ kí ẹni tó ń bínú má jẹ́ olóòótọ́, ó ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹ́ ẹ̀dà iṣẹ́ méjèèjì, tí ilé ẹ̀kọ́ ti fi ránṣẹ́ sí i, sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́jísítà. Nọ́ńbà kìíní, ó wà níbẹ̀, ó sàmì sí i. Ìkejì, ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí ó fi ku ẹnì kan ṣoṣo tí rẹ́jísítà kò mọ̀ rí.

Nọ́ńbà kejìdínlógójì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tó dá a dúró ni pé: "Géètì pàjáwìrì wà ní títì, wọ́n ń gbé mọ́tò síbẹ̀. Ó kú sínú táàsì."

Nínú iṣẹ́ dókítà, ọjọ́ kan náà ni, aago kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tó dá a dúró ti yí padà: "Àìmọ̀kan ẹbí. Wọn kò tètè gbé e wá."

Ìyá Ẹ̀rí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ó mọ ohun tó ń wá. Níbi tí nọ́ọ̀sì kọ pé ọ́síjìn tán, dókítà kọ pé aláìsàn pẹ́ kó tó dé. Níbi tí nọ́ọ̀sì kọ pé dókítà kò sí lẹ́nu iṣẹ́, dókítà kọ pé ẹbí kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ló ti yí ọ̀rọ̀ padà báyẹn.

"Ó jí òkú wọn," ló wí jẹ́jẹ́, "ó tún wá di ẹ̀bi ikú wọn rù wọ́n."

*

Géètì pàjáwìrì wà lẹ́yìn tíátà gan-an. Àgádágodo tó wà lára rẹ̀ tóbi bí ìkúùkù. Nínú ọgbà, lábẹ́ igi kan ṣoṣo tó ní ìbòòji níbẹ̀, mọ́tò dókítà àgbà dúró pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ tó fọ́.

Aṣọ́nà mú ìwé rẹ̀ wá láìjanpata, ó tilẹ̀ dà bí ẹni tó ti ń retí pé ẹnì kan yóò béèrè. Ìyá Ẹ̀rí wá ọjọ́ náà. Àkọsílẹ̀ kúkurú ni: "4:10, táàsì kan, aboyún. Géètì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ dókítà àgbà, wọ́n wà nípàdé. 4:50, obìnrin náà ti kú. Táàsì padà. Kò wọlé."

"Kí ló dé tí wọn ò gba ẹnu ọ̀nà iwájú?"

"Wọ́n ń gbẹ́ kòtò níwájú lọ́jọ́ náà, mà. Mọ́tò ò lè kọjá. Mo lu ilẹ̀kùn ìpàdé. Wọ́n ní kí n dúró."

Ìyá Ẹ̀rí fi ìwé náà sínú báàgì rẹ̀, ó lọ sí àgọ́. "Ta ni obìnrin kejìdínlógójì?" ló bi Sísítà Sùnre.

Láti àárọ̀ ni nọ́ọ̀sì náà ti ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ó mi orí pé rárá sí èyí.

"Bí o ò bá sọ, lọ́la wọ́n á ní o hùmọ̀ ẹ̀ ni."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ ti mí mọ́lé, mà. Ẹ ṣáà fi ìyẹn sílẹ̀."

Ìyá Ẹ̀rí wò ó. Ẹni tó jẹ́wọ́ láìbẹ̀rù pé òun fọ́ mọ́tò ọ̀gá òun ló ń sá fún ìbéèrè yìí. Ìyá Ẹ̀rí dìde, ó béèrè ilé ìyá nọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì.

*

Aṣọ ilé ìwé ni ìyá nọ́ọ̀sì ń rán. Kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró nígbà tí Ìyá Ẹ̀rí wọlé. Ó kàn yí ojú wò ó, ó padà sí òwú rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti mú un. Ọ̀kan ṣoṣo náà ló kù fún mi."

Fọ́tò kan wà lára ògiri lókè ẹ̀rọ náà, ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ jọ ti Sísítà Sùnre bí ẹni tí wọ́n fi ìwọ̀n kan gé. Ìyá Ẹ̀rí wò ó pẹ́. Ohun tó ti ń dà á láàmú wá mọ́ ọn lójú.

"Ọmọ ọdún mélòó ni, Mọ́mì?"

Ẹ̀rọ dúró. "Mẹ́rìnlélógún. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kó pé márùndínlọ́gbọ̀n. Orí itan mi nínú táàsì yẹn ni orí ẹ̀ wà. Ọwọ́ mi kan wà lára ẹ̀, mo ń fi èkejì tẹ fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni mo pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò gbé e." Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a. "Ó ti pé ọdún kan àtoṣù méjì. N ò tíì bi í pé níbo ló wà. Ẹ̀rù ohun tó máa sọ ń bà mí, inú sì ń bí mi ju kí n gbọ́ ọ lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́la. Aago méjì."

"Kí n wá ṣe kí ni?"

"Kẹ́ ẹ wá jókòó. Ìyẹn nìkan."

*

Yàrá ìpàdé ilé ìwòsàn ni wọ́n lò. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta wà lójú fídíò, olúkúlùkù nínú àpótí kékeré tirẹ̀. Obìnrin kan tó ní irun funfun ni alága wọn. Dókítà àgbà wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Sísítà Sùnre jókòó sí apá kejì tábìlì. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá Fáìlì wọlé, ó gbá rẹ́jísítà mẹ́ta mọ́ àyà. Kò wo ojú dókítà.

Alága ní kí ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tó bá rí.

"Ìbéèrè ni mo ní," ni Ìyá Ẹ̀rí wí. "Dókítà, ẹ sọ fún mi lánàá pé inú rẹ́jísítà nìkan lẹ ti rí àwọn obìnrin yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọgọ́ta ló wà níbẹ̀. Bàbá yìí gbé e dání, ẹnikẹ́ni lè kà á. Iṣẹ́ yín ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Nọ́ńbà kejìdínlógójì kò sí nínú ìwé kankan."

Dókítà ṣí iṣẹ́ rẹ̀, ó wò ó, ó ronú díẹ̀. "Hẹn-ẹn. Mo rántí ìyẹn dáadáa. Pàjáwìrì ni, a ò ráyè kọ orúkọ rẹ̀. Mo ṣáà mọ̀ ọ́n lórí, ìdí nìyẹn tí mo fi kún un. Èmi fúnra mi ni mo gbà á."

"Ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì yìí. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti fi í pamọ́ sílé jù. Mo sa gbogbo ipá mi."

"Níbo ló kú sí, sà?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì wa. Lójú mi."

Àga kan dún lẹ́yìn. Ìyá nọ́ọ̀sì ti dìde. Kò pariwo. "Kò wọlé," ló wí. "Ọmọ mi ò wọlé. Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn."

Alága béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Dípò kó dáhùn, Ìyá Ẹ̀rí ṣí ìwé aṣọ́nà, ó kà á láti 4:10 títí dé "Kò wọlé." Ó wá gbé e sí iwájú dókítà, kó lè rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ oyè rẹ̀ sí.

"Ẹ ti fọwọ́ kan obìnrin tí kò wọ inú ọgbà yìí. Ẹ ti rí ikú ẹni tó kú síta nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò yín. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ díẹ̀. Aṣọ́nà kọ aago, kò kọ ọjọ́ orí. Kò sí ìwé kan nílé ìwòsàn yìí tó sọ ọjọ́ orí ẹ̀. Ẹ̀yin sì kọ mẹ́rìnlélógún. Ta ló sọ fún yín?"

Dókítà la ẹnu. "Wọ́n... ẹnì kan ló sọ fún mi."

"Orúkọ ẹni náà?"

Lójú fídíò, alága ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo sọ fún un," ni Sísítà Sùnre wí. Ó ti dìde, ohùn rẹ̀ sì ti kọjá ẹnu ọ̀nà. "Nínú iṣẹ́ mi ló ti kà á. Àbúrò mi ni. Ìyá kan, bàbá kan. Rẹ́jísítà ní kò wọlé, nítorí náà kò kú síbí. Ilé ìgbókùúsí ní kì í ṣe tàwọn. Kò sí ìwé tó gbà á láyé yìí, mo wá ní kí ìwé tèmi gbà á. Ọkùnrin yìí jí i níbẹ̀. Kò tiẹ̀ bi ara ẹ̀ léèrè pé ta ni. Ó kàn kọ ọ́ pé aláìmọ̀kan ni wá. Màmá mi tó gbé ọmọ lé itan dé ẹnu géètì yín, òun ni aláìmọ̀kan."

Àwọn olùkọ́ mẹ́ta náà pa ohùn wọn, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ètè wọn ń mì láìdún. Nígbà tí ohùn padà, alága ní wọ́n ti dá Sísítà Sùnre padà sí kíláàsì, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró bó ṣe kọ ọ́, wọ́n sì ti dá ti dókítà dúró títí wọn yóò fi pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Ó fẹ́ fi ìbánikẹ́dùn kún un. Sísítà Sùnre ti jókòó, kò wo fídíò mọ́.

Dókítà kó ìwé rẹ̀ jọ. Ìyá Ẹ̀rí dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ rọra, sà. Ẹ fọwọ́ sí ìwé kan fún mi lánàá, irọ́ ló sì kún inú ẹ̀. Bàbá Fáìlì náà ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa jọ sọ̀rọ̀ nípa géètì."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́? Ta ló máa sanwó gíláàsì mọ́tò mi?"

"Adájọ́ á sọ," ni Sájẹ́ǹtì dáhùn, ó sì fi ọ̀nà hàn án. "Ẹ jẹ́ ká fi tiwa lọ, sà. Gíláàsì tiwa ṣì pé."

*

Ní àgọ́, Ìyá Ẹ̀rí tẹ́ ìwé ìdúró síwájú ìyá nọ́ọ̀sì. "Ẹjọ́ mọ́tò ṣì wà nílẹ̀," ló sọ fún Sísítà Sùnre. "O fọ́ ọ, n ò ní purọ́ fún adájọ́."

"N ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ purọ́, mà."

"Ẹni tó máa dúró fún ẹ ló máa fọwọ́ síbí, kó o lè lọ sílé."

Ìyá náà mú bírò. Ó gbé e lé ìlà, ó dúró. Kò wo ọmọ rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ yẹn. Níbo lo wà?"

"Nínú tíátà." Sísítà Sùnre di etí tábìlì mú. "Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, Mọ́mì. Mo ti mú obìnrin kan sùn, wọ́n ti la ikùn ẹ̀. Èmi ni mò ń fún un ní èémí, ọwọ́ mi ló fi ń mí. Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, kò sẹ́lòmíì tó ń pè mí báyẹn. Tí mo bá jáde, ó máa kú. N ò mọ̀ pé tí n ò bá jáde..."

Ìyá Ẹ̀rí yí ojú sí ògiri. Sájẹ́ǹtì ti rìn lọ sídìí fèrèsé.

"Obìnrin náà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé ó jí?"

"Ó jí, Mọ́mì. Òun àti ọmọ."

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wọn aṣọ tí kò dá a lójú pé yóò tó.

"Inú ṣì ń bí mi," ló wí.

"Ó ń bí èmi náà."

"Ó dáa." Ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó tẹ bírò náà mọ́lẹ̀ débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ó sì na báàgì rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀. "Gbà, bá mi gbé e. Apá yẹn tó ń dùn ẹ́ kọ́, èkejì ni kó o fi gbé e."